Ẹṣin Irin Létí Ọ̀sà

Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan wà nítòsí wa tí o lè fi kẹ̀kẹ́ ológeere là já, láti ẹnubodè kan dé èkejì, láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán? Tógò ni. Ilẹ̀ náà gùn lọ sókè bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n létí òkun, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 55 lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹnubodè Gánà fara ti Lomé, olú-ìlú wọn, pẹ́kípẹ́kí: bí o bá kúrò ní àdúgbò Kodjoviakopé, Aflao lo bọ́ sí yẹn. Ní ìlà-oòrùn, bí o bá kọjá ìlú Aného, Sanvee Condji ló kù, Benin ló kàn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gba ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Gánà. A sùn, wọ́n jí wa, wọ́n ní ká mú ìwé ìrìnnà jáde, a tún sùn. Ohun tí a fi oorun sùn kọjá yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀nà òbìrípo ni mo fẹ́ ká fi kẹ̀kẹ́ gbà. Láti Lomé, gba etí òkun lọ sí Baguida, lọ sí Agbodrafo, lọ sí Aného. Ní Aného, kẹ̀yìn sí òkun, gba Glidji àti Anfoin gòkè lọ sí Vogan. Láti Vogan, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Togoville, gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, sọdá adágún Tógò padà sí Agbodrafo, kí o sì máa bọ̀ nílé. Gbogbo rẹ̀ lé ní kìlómítà 100. Ọ̀nà ọjà ni, ọ̀nà oko ni, ọ̀nà ìrìn-àjò àwọn olùjọ́sìn sì ni pẹ̀lú. Èmi ni mo kàn so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹni tí eegun rẹ̀ le á fi ọjọ́ kan yí i po. Èmi ní ọjọ́ méjì ló tọ́.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn Ewe tó ń gbé níbẹ̀ ń pe kẹ̀kẹ́? Gasɔ. Ga ni irin, sɔ ni ẹṣin. Ẹṣin irin! Àwa Yorùbá gbọ́ bó ṣe ń yọ́ lọ geere, a pè é ní ológeere. Àwọn wo iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n fi iṣẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà sì bá ìtàn mu. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl Drais ló kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì jáde nílùú Mannheim, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1817. Igi ló fi ṣe é, kò ní ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yípo, ilẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tì sẹ́yìn bí ẹni ń sáré lórí ìjókòó. Àwọn òpìtàn kan sọ pé ọ̀wọ́n ẹṣin ló fà á. Òkè Tambora ní Indonéṣíà bú ní 1815, eérú rẹ̀ bo ojú ọ̀run, nígbà tó di 1816 ìkórè kò jọ ìkórè mọ́ ní Yúróòpù, oúnjẹ ẹṣin di góòlù. Ohun tí yóò rọ́pò ẹṣin ni Drais ń wá. Ewe kò sí níbẹ̀, wọn kò gbọ́ nípa Drais, síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lónìí, alùpùpù ló gba ìgboro Lomé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni oléyia, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "Ṣé ò ń lọ?" Ìbéèrè tí awakọ̀ ń bi ẹni tó dúró lẹ́bàá títì ló di orúkọ iṣẹ́. Àwa fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pe tiwa ní ọ̀kadà. Tiwọn ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílùú kí ó tètè jáde kí àwọn oléyia tó gba títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kó rímú mí títí yóò fi kọjá èbúté ọkọ̀ òkun.

Ṣé o mọ̀ pé inú igi orín ni olú-ìlú náà wà? Ìtàn àwọn àgbà sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Dzitri ló tẹ Lomé dó, sáàárín àwọn igi kan tí wọ́n ń pè ní alo. Igi tí wọ́n ń gé fi rin ẹnu ni. Alotimé, àárín igi alo, ni wọ́n pe ibẹ̀, àhọ́n sì gé e kúrú di Lomé. Bí o bá tún rí kopé lẹ́yìn orúkọ àdúgbò, bíi Kodjoviakopé, abúlé ni wọ́n ń wí: abúlé Kodjovia. Ẹni tó bá mọ Abúlé Ẹ̀gbá àti Abúlé Ọjà l'Ékòó ti mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé abúlé kan lẹ́bàá adágún ló yá gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórúkọ? Baguida lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí o bá ti jáde ní Lomé kí o tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, dókítà tó di arìnrìn-àjò tó tún di aṣojú ìjọba Jámánì, bọ́ọ́lẹ̀ látinú ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Möwe. Ó fẹ́ kí Mlapa Kẹta, tí àwọn òyìnbó kà sí ọba ìlú Togo létí adágún, Togoville òní, fọwọ́ sí ìwé ààbò. Ọba kò wá. Plakkou, tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ ọba, ló ṣojú rẹ̀. Nínú èdè Ewe, to ni omi, go ni bèbè. Etí omi ni orúkọ ìlú náà ń wí. Etíkun kékeré ni ìwé náà sọ̀rọ̀ lé, ṣùgbọ́n àwọn Jámánì fa orúkọ yẹn gùn bí rọ́bà títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn tí kò rí adágún rí, lókè lọ́hùn-ún, ó ju kìlómítà 500 lọ. Nachtigal fúnra rẹ̀ kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Kò pé ọdún kan tó fi kú sórí òkun, ní oṣù kẹrin 1885.

Ohun mìíràn tún ni pé olú-ìlú mẹ́ta ni àwọn Jámánì lò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa: Baguida ni àkọ́kọ́, Zébé tó wà nítòsí Aného ni ìkejì, wọ́n wá kó lọ sí Lomé ní 1897. Kí oòrùn tó kan àtàrí, o ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní 1905, wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Lomé sí Aného. Àgbọn ló ń kó, nítorí náà ọ̀nà àgbọn ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti pe ti Kpalimé tó tẹ̀lé e ní 1907 ní ọ̀nà kòkó. Àgbọn náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Àrùn kan wà tó ń pa igi àgbọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: èso á kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, imọ̀ á pọ́n, orí á já, igi á wá dúró bí òpó iná tí kò ní wáyà. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn fi orúkọ abúlé kan ní etíkun Tógò pè é, wọ́n ní àrùn Kaïncopé. Ní Gánà, Cape St Paul ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní Nàìjíríà, Awka. Abúlé mélòó ló lókìkí nítorí àìsàn igi? Bí o bá rí òpó igi àgbọn tí kò lórí lẹ́bàá ọ̀nà, o mọ ohun tó pa á.

Ṣùgbọ́n òkun ló pa àwọn mìíràn. Ṣé o mọ̀ pé iyanrìn etíkun ń rìn? Ìgbì a máa gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, lọ́sàn-án, lóru, bí alágbàárù tí kò gba ìsinmi. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, ògiri òkúta tó wọ inú òkun dá ẹrù náà dúró. Ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn ògiri ń kún, etíkun ń fẹ̀ sí i. Ọwọ́ ìlà-oòrùn, níbi tí kẹ̀kẹ́ wa dorí kọ, ebi iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, òkun wá ń jẹ ilẹ̀ dípò. Ṣáájú ìyẹn, ìsédò Akosombo tí wọ́n parí ní Gánà ní 1965 ti há iyanrìn odò Volta mọ́ òkè. Ilé lọ, igi àgbọn lọ, ibojì àwọn baba lọ, títì àtijọ́ pàápàá wọ omi lápá ibì kan, wọ́n ní láti lọ la òmíràn sínú ilẹ̀. Láti 2018 ni Báńkì Àgbáyé ti ń ná owó sórí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní WACA, Tógò sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì kò lè rí èyí. Lórí kẹ̀kẹ́, wàá rí ògiri ilé tó kù ní ìdajì, wàá rí i pé yàrá ni ìdajì kejì nígbà kan.

Kpémé, lẹ́yìn Agbodrafo: má dúró pẹ́ níbẹ̀, eruku wà. Afárá irin gígùn kan nà wọ inú òkun, òun ni wọ́n fi ń di fọ́síféètì sínú ọkọ̀. Hahotoé lẹ́yìn adágún ni wọ́n ti ń wà á, rélùwéè ló sì ń gbé e wá síbí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní 1974. Omi òkun níwájú ilé-iṣẹ́ náà a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹlẹ́rẹ̀.

Agbodrafo ni kí o ti dúró. Àwọn Potogí pè é ní Porto Seguro, èbúté tó fọkàn balẹ̀. Ọkàn àwọn wo? Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Woold Homé. Oníṣòwò ará Skọ́tilándì kan, John Henry Wood, ló kọ́ ọ ní 1835. Bí o bá wọlé, ilé lásán ni: yàrá, pálọ̀, ilẹ̀ pákó. Wọ́n á wá ṣí pákó kan nínú ilẹ̀ yàrá. Àjà ilẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí gíga rẹ̀ kò ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Àgbàlagbà kò lè nàró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sí títí ọkọ̀ yóò fi dé. Wo ọdún rẹ̀ dáadáa: láti 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú. Ọdún 28 lẹ́yìn òfin yẹn ni ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé yìí, ó sì kọ́ ọ kó má baà jọ ilé ẹrú. Mo ti rí àwọn ilé ẹrú tó tóbi gan-an létí òkun wa. Èyí tó jọ ilé èèyàn yìí ló bà mí lẹ́rù jù.

Ó tó. Jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́.

Láti ibí dé Aného, omi ni lápá òsì, omi ni lápá ọ̀tún. Adágún àti ọ̀sà wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí títì gbà wà láàárín wọn. Odò Zio àti odò Haho ń ti òkè wá, adágún Tógò ni wọ́n ń dà sí. Adágún kò rọ́nà bọ́ sókun tààrà, ó ní láti gba ọ̀sà lọ títí dé Aného kó tó rí ẹnu ọ̀nà. Láyé àtijọ́, ẹnu náà a máa dí, a sì máa ṣí: iyanrìn á dí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkúnya omi á já a. Dúró lórí afárá Aného kí o wo bí omi dídùn àti omi iyọ̀ ṣe ń ti ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú yìí kan ọ̀rọ̀ Odùduwà? Aného ni àwọn òyìnbó ń pè ní Pópó Kékeré lórí àwòrán ilẹ̀ wọn. Pópó Ńlá wà ní Benin, òun ni Grand-Popo títí dòní. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, Olúpópó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà méje. Nígbà tí wọ́n pín ogún, Alákétu kó adé, Olówu kó aṣọ, Ọ̀ràngún kó ìyàwó, Olúpópó sì kó ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó ni Aného lónìí ní ìtàn tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn atukọ̀ láti Elmina ni wọ́n, àwọn Ane, tó jẹ́ pé ìgbì òkun kò bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn Ga tí Akwamu lé kúrò ní Accra ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sì tẹ Glidji dó sí òdìkejì ọ̀sà. Èdè Mina tí gbogbo ọjà Lomé ń sọ, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Àwọn Ewe ní tiwọn sọ pé kí àwọn tó dé Notsé, Kétu ni àwọn ti wá. Kétu tiwa yìí kan náà. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí ẹnì kan bá ní Tógò jìnnà.

Ní Glidji, lọ́dọọdún, ní àkókò oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń ṣe ọdún Epe Ekpe. Aṣọ funfun ni gbogbo èèyàn ń wọ̀. Àwòrò á wọ inú igbó mímọ́, á sì mú òkúta kan jáde. Àwọ̀ òkúta náà ni àsọtẹ́lẹ̀ ọdún: bó bá funfun, àlàáfíà àti ọ̀pọ̀; bó bá pupa, kí oníkálukú ṣọ́ra. Ìwé ìròyìn Lomé ń gbé àwọ̀ òkúta náà jáde bí wọ́n ti ń gbé àbọ̀ ìbò jáde.

Bí o bá ní ọjọ́ kan lé, yà sí ọ̀tún kí o tó gòkè. Àwọn abúlé ẹnu odò wà níbẹ̀, Aklakou, Agbanakin, lẹ́bàá odò Mono àti ojú omi Gbaga tó jẹ́ ààlà pẹ̀lú Benin. Igbó orí omi wà níbẹ̀, tí gbòǹgbò igi dúró nínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Ní 2017, UNESCO kọ gbogbo agbègbè Mono yìí sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí ayé ń dáàbò bò, Tógò àti Benin ló jọ ni ín. Tún aago rẹ wò o: tí o bá sọdá sí Benin, wákàtí kan ti lọ, nítorí aago Benin bá ti Nàìjíríà dọ́gba, aago Tógò sì bá ti Gánà lọ. Odò kan ló wà láàárín agogo mẹ́sàn-án àti agogo mẹ́wàá.

Lẹ́yìn Glidji, títì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ pọ́n bí epo. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló kún inú oko. Wàá rí òkìtì amọ̀ kan tó lójú, tó lẹ́nu, tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà abúlé, epo pupa sì ń ṣàn lórí rẹ̀. Legba ni wọ́n ń pè é. O ò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọ: Ẹlẹ́gbára tiwa ni. Afa tí babaláwo wọn ń dá, Ifá ni. Gu, Ògún ni. Àwọn ará abúlé á kígbe pé "Woezɔ!", ẹ káàbọ̀ nìyẹn, "Yoo" ni kí o dá wọn lóhùn. Tí ebi bá sì ń pa ọ́, béèrè akoumé àti ọbẹ̀ adémè. Òkèlè àgbàdo ni akoumé. Adémè, ewédú ni, wọ́n kàn fi akàn sí i ni.

Vogan ni ọjà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ná an, ó sì wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ etíkun náà. Ìkòkò, ẹran, gàrí, aṣọ, ewé, egbòogi, orí ẹranko gbígbẹ fún àwọn olóògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ tó gbé ẹyẹlé, tó gbé igi ìdáná, tó gbé ìyàwó tó gbé ọmọ pọ̀n, ni yóò máa kọjá rẹ. Wọn kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Ojú ni wọ́n á fi wo ẹni tó wọ ṣòkòtò pénpé tó fún mọ́ra tó sọ pé òun ń gun kẹ̀kẹ́ ṣeré.

Láti Vogan dé Togoville, ọ̀nà ń sọ̀, kẹ̀kẹ́ ń yọ́ lọ geere, o ò ní í fi bẹ́ẹ̀ tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà kan wà létí adágún tí wọ́n kọ́ nígbà àwọn Jámánì, ní 1910. Wọ́n gbàgbọ́ pé Màríà Wúńdíá fara hàn lórí adágún náà, àwọn olùjọ́sìn sì ń rọ́ wá. Ní oṣù kẹjọ 1985, Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀. Láìjìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni ojúbọ àwọn òrìṣà ìlú wà, àwọn èèyàn kan náà ló sì ń rìn láàárín méjèèjì, bí ẹni ń ti ilé bàbá lọ sí ilé ìyá.

Wàyí o, adágún. Adágún náà tẹ́, kò jìn, nítorí náà atukọ̀ kò fi àjẹ̀ wà á. Ọ̀pá gígùn ló fi ń ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Wàá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àwọn agbọ̀n ẹja. Atukọ̀ á fi ọ̀pá tì, ọkọ̀ á sún. Wo ọwọ́ rẹ̀ kí o rántí Drais tó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ ní Mannheim. Agbodrafo ni yóò gbé ọ sọ̀ sí, ìyókù títì nìkan ni dé Lomé.

Bí o bá máa lọ, kúrò ní Lomé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, sùn sí Aného, mú ìwé ìrìnnà dání, mú táyà inú kan àti pọ́ọ̀ǹpù. Má jẹ́ kí ó di Sátidé kí o tó dé Vogan. Ilẹ̀ ọjà tí wọ́n ti gbá ni wàá bá níbẹ̀.